Orin tí Ìyá Alágbàfọ̀ Fi Ojú Kọ́

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni Káfíńtà máa ń gbé fèrè rẹ̀ há abíyá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá sì fi máa padà dé, ojú rẹ̀ á máa dán bí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, Káfíńtà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó fọwọ́ kan ṣíbí.

"Ìyá wọn, ká ní o wà níbẹ̀ ni! Dókítà Eyín gbé fèrè sẹ́nu, ó fẹ́ fọn ún, àṣé ìbòmú tó fi ń tọ́jú eyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀!"

Á sọ ọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n gbé wá bá èèyàn nílé, ó ti tutù lójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbọ́ "ká ní o wà níbẹ̀." Lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ oníbàárà, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé gan-an tí òun kò sí níbẹ̀?

Ẹgbẹ́ náà kò ju èèyàn mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n òfin wọn pọ̀ bíi ti ìjọba. Dókítà Eyín ni olórí, òun àti Káfíńtà ló ń fọn sákísófóònù, Onífọ́tò sì ń ta jìtá sí wọn. Lọ́dọọdún wọ́n á mú orin kan, wọ́n á jọ máa kọ́ ọ, ẹni tó bá rí ọ̀nà ibi tó ṣòro á fi han èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àárín wọn gbọ́dọ̀ fọn orin ọdún náà pẹ̀lú wọn láti orí dé ìdí. Bó bá ṣubú lójú ọ̀nà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Káfíńtà gan-an ló dábàá òfin yìí, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta táyà fẹ́ wọlé tipátipá, tí fèrè rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, orin jáàsì kan tó ti òkè òkun wá ni wọ́n mú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bosa nófà. Orin náà kì í sáré, kì í pariwo. Ó ń rìn bí ẹni tó yó, tó ń gba atẹ́gùn létí omi, tí kò sí ẹni tó ń dúró dè é nílé.

Báyìí ni Ìyá Alágbàfọ̀ ṣe rí fèrè tirẹ̀. Ọlọ́pàá kan wà, afunfèrè ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ogún ọdún ni ìyá yìí fi fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá gba èyí tó kẹ́yìn, ó gbé àpótí kan sórí tábìlì, ó ní, "Ìyá, àwọn ọmọ tí mò ń lọ bá gbé ò fẹ́ ariwo. Ẹ gbà á, kí n má baà sọ ọ́ nù." Sákísófóònù ni, ó tóbi ju ti Káfíńtà lọ, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá náà fi kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ètè mú un, bí a ṣe ń mí àti bí ohùn ṣe ń gòkè, lẹ́yìn náà ó kó lọ.

Ta ni yóò wá kọ́ ọ ní orin? Kò fẹ́ bi ọkọ rẹ̀, torí ó fẹ́ já lù wọ́n lójijì. Ló bá ń fi ojú jí i. Lálaalẹ́, bí Káfíńtà bá jókòó síbi fèrèsé tó ń fọn bosa nófà, òun á dúró ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, á máa lọ aṣọ. Ìka tí Káfíńtà bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ áyọ́ọ̀nù. Èyí tó bá gbé sókè, òun náà á gbé e. Lọ́jọ́ kan, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà kan jó mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìyá wọn! Kí lò ń wò?"

"Ìwọ ni mò ń wò."

Inú Káfíńtà dùn kọjá ààlà. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, bí oníbàárà bá dá, Ìyá Alágbàfọ̀ á wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á dúró sáàárín àwọn kóòtù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́, á sì máa fọn ún jẹ́jẹ́, kí aládùúgbò má baà gbọ́ kó lọ tú àṣírí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, orin náà ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ní Sátidé kan nínú oṣù náà, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn láìjẹ́ kó mọ̀. Yàrá tí àwọn aláìsàn Dókítà Eyín ti máa ń dúró ni wọ́n ti ń ṣeré: àga mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwòrán eyín ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín, òórùn oògùn ẹnu níbi gbogbo. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé tòun ti àpótí.

"Ìyàwó wa, ṣé eyín ló ń dùn yín?" ni Dókítà bi í.

"Rárá o, Dókítà. Mo wá wọ ẹgbẹ́ ni."

Káfíńtà dìde. "Ẹgbẹ́ wo? Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

"Ṣí i, kí o wò ó."

Onífọ́tò, tó kéré jù nínú wọn, pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, fèrè Màmá ju tiyín lọ o! Ọ̀gá ti dé!"

Dókítà ka ení, ó ka èjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Há! Ohun tó jáde, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún gbọ́ irú rẹ̀. Bí ẹni pé màlúù méjì pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí kò sí èyí tó fẹ́ padà sẹ́yìn. Dókítà dáwọ́ dúró. Tọkọtaya ò dúró, kálukú ń fọn ún lọ, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni fẹ́ jà.

"Ìyá wọn, o ti ṣìnà!"

"Èmi? Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí. Ìwọ ni kí o wo ẹsẹ̀ ara rẹ."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwọ náà ni. Nígbà tí o rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi wò ọ́."

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bo jìtá. Dókítà ní kí kálukú dá fọn tirẹ̀. Káfíńtà fọn ún, ó pé. Ìyá Alágbàfọ̀ fọn ún, ó pé, ó sì rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀. Káfíńtà yọ fèrè lẹ́nu, ó tẹ́tí sí i.

"Ó ti yé mi," ni Dókítà wí. "Fèrè tiwa kéré, tiẹ̀ tóbi. Bí ìka bá tẹ ojú kan náà lára méjèèjì, ohùn kan náà kọ́ ló ń jáde. Ó dà bí ẹni méjì tó ń gun àtẹ̀gùn. Ìṣísẹ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti òkè kìíní. Wọn ò lè pàdé láé. Kò sẹ́ni tó ṣìnà nínú yín."

"Kò sẹ́ni tó ṣìnà, ṣùgbọ́n kò bá wa mu," ni Káfíńtà wí. Ojú ń tì í, ìtìjú ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Òfin ni òfin. Kó padà lọ kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà."

Ìyá Alágbàfọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dá fèrè padà sínú àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Bàbá wọn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Odindi ọdún kan lò ń pè ní ò jìnnà?" Ó bá dìde. "Dókítà, òfin yín ní kí n fọn orin náà pẹ̀lú yín. Ṣé ó sọ pé orí àtẹ̀gùn ta ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà wo Káfíńtà, ó wo òrùlé. "Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ò le rárá," ni Onífọ́tò wí. Ó tú irin kékeré tí wọ́n fi ń há ọrùn jìtá, ó sún un lọ síbòmíràn kí ohùn jìtá lè yí padà. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ Màmá."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, láti orí àtẹ̀gùn Ìyá Alágbàfọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Jìtá ń rọra lọ, fèrè ńlá ń rọra tẹ̀lé e. Dókítà fojú wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí, ó rí i, ó bá wọn wọ̀ ọ́. Káfíńtà náà gbé fèrè sẹ́nu. Ìlà kìíní, ó kọsẹ̀. Ìlà kejì, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ìlà kẹta, ó ṣubú pátápátá, fèrè rẹ̀ ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ta ló ṣubú yẹn?" ni Dókítà béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ni o!" ni Onífọ́tò dáhùn. "Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà, ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ni Dókítà wí.

Káfíńtà fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga àwọn aláìsàn. "Ìyá wọn, mo bẹ̀ ọ́. Mo ti gbọ́ bí o ṣe fọn ún. N kò mọ̀ pé orin yẹn lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kọ́ mi." Ó sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ìka rẹ̀.

"Má wo ọwọ́ mi o! Ọwọ́ wíwò ló kó mi sí wàhálà. Gbọ́ ẹnu mi."

Ó fi ẹnu kọ ìlà kan. Káfíńtà wá a kiri lórí fèrè rẹ̀ bí ẹni ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn, ó rí i. Ó kọ òmíràn, ó tún rí i. Nígbà tó bá pariwo jù, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Wọ́ọ́rọ́, Bàbá wọn, kì í ṣe pákó lò ń rẹ́." Oòrùn kúrò lórí ilẹ̀, ó gun ojú àwòrán eyín, wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti jìtá bá orin náà lọ láti orí dé ìdí, kò sẹ́ni tó ṣubú. Wọ́n tún un fọn nítorí ó dùn. Wọ́n fọn ún lẹ́ẹ̀kẹta nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé.

"Ìyàwó wa," ni Dókítà wí, "Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́ta ni o. Ẹni tó bá pẹ́ ló ń gbálẹ̀."

Wọ́n jọ ń lọ sílé, àpótí ńlá lọ́wọ́ ìyàwó, kékeré lọ́wọ́ ọkọ. Wọn kò tíì dé kọ́nà tí Káfíńtà ti ń mi èjìká.

"Ìyá wọn, ṣé o rí Onífọ́tò, bó ṣe dojú bo jìtá? Irun imú rẹ̀ há mọ́ okùn! Ó ń fà á, ó ń ṣe bí ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe é!"

"Bàbá wọn, mo wà níbẹ̀."

"Òótọ́ ni, o wà níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ó tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń fi kún un níbi tí ọkọ rẹ̀ bá ti fò ó, débi tí àwọn tó ń kọjá lọ fi ń yí padà wò wọ́n.