Eyín Dùùrù Tó Yadi

Ọjọ́ tí wọ́n gbé dùùrù bàbá Lọ́lá dé Wuye, ní Àbújá, láti Ìkìrun, ọkùnrin mẹ́fà ló rù ú gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń fi Háúsá sọ fún ara wọn pé "sànnu, sànnu" bí ẹni gbé aboyún. Láti ìgbà náà ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ Lọ́lá, dúdú bí kóró iṣin, tó rọra ń mí òórùn igi àtijọ́ sínú ilé. Láàárọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ara kọ́tìnnì wọlé, eruku á máa rábàbà lókè rẹ̀, á wá dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò nídìí rẹ̀ ni, tí kò sì ní í pẹ́ dé.

Màmá Lọ́lá náà ń bẹ nínú ilé yìí, ìyẹn gan-an sì lọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìgbàgbé ti ń jí màmá kó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ kó lọ, ó kan ti àwọn ọmọ-ọmọ. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, màmá wo Lọ́lá àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lójú kòrókòró, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o." Lọ́lá wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà yàà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń fẹ́ láyé: kí màmá pe òun lórúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rò ó títí, ó ní bí dùùrù yìí bá lè dún bó ṣe ń dún nígbà tóun wà ní kékeré, bóyá ohùn rẹ̀ á dé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dé mọ́. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù kì í mọ ibi tí kò ní í wá a dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Diméjì, tó ń gbé ní Durumi, fara mọ́ ọn kíákíá. Ọdọọdún ni Diméjì ń pààrọ̀ fóònù. Bí ènìyàn bá ṣeé pààrọ̀, n ò mọ ẹni tí ì bá ṣẹ́ kù nínú ẹbí. "Lọ́lá, jẹ́ kí oníṣẹ́ dùùrù yẹn change everything jàre," ló wí. "Kó dún bíi tuntun. Nǹkan tí kò dún dáadáa, what are we keeping it for?"

Báyìí ni Ọbayẹmí, oníṣẹ́ dùùrù náà, ṣe ti Karu dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ káfíńtà ni, ará Ìwó, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń kí nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o," ló wí fún dùùrù, kó tó ṣí ìdérí rẹ̀. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó ń wo òkè nínú kùrukùru ọyẹ́ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé.

Ọbayẹmí yẹ inú dùùrù wò pẹ́. "Màdáámù, ọ̀nà méjì ló wà," ló wí. "Mo lè sọ ọ́ di tuntun. Màá tú gbogbo okùn irin rẹ̀, màá pààrọ̀ àwọn òòlù kéékèèké tó ń lù ú, màá há ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò. Á dún, á dùn. Àmọ́ dùùrù mìíràn ló máa jẹ́ o, nínú àpótí ti bàbá yín. Tàbí kí n kàn tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà: kí n pa ikán, kí n nù ún, kí n fa okùn tó ti dẹ̀ le. Ìyẹn á ṣì máa húkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, mà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Ẹ sọ ọ́ di tuntun," ni Lọ́lá dáhùn. "Kó dún gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún láyé bàbá mi."

Ọbayẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn eyín dùùrù náà níkọ̀ọ̀kan láti apá òsì, ó ń fetí sí wọn. Àwọn kan kùn, àwọn kan gbọ̀n. Nígbà tó kọjá àárín díẹ̀, ó tẹ ọ̀kan, kò dún rárá. Ó tún un tẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ihò náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kí lèyí tó gan mọ́ ibí? Ògì ni, àbí ojú mi ni?"

Ni Lọ́lá bá rántí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ní Ìkìrun, abọ́ ògì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun àpótí ìjókòó bàbá rẹ̀ kó lè fi ọwọ́ kan tẹ dùùrù, ni abọ́ bá dojú dé. Ó ń retí pàṣán. Bàbá kàn nu ògì tó rí nù, ó tẹ eyín tó kú náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, "Ìwọ lo pa á. Ìwọ ni wàá máa kọ ọ́." Orin kan wà tí bàbá fúnra rẹ̀ ṣe fún àdúrà òwúrọ̀: "Ilẹ̀ mọ́ bá wa, Bàbá, jí wa dìde." Ohùn tó ga jù nínú orin náà, níbi "jí", lórí eyín yẹn ló bọ́ sí. Nítorí náà, láràárọ̀, bàbá á tẹ dùùrù débẹ̀, dùùrù á dákẹ́, Lọ́lá á sì pariwo "jí!" Nígbà tó lọ sílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú ọgbà rẹ̀, màmá ló gba ipò rẹ̀. Wọ́n gbé inú ilé yẹn fún ogún ọdún, bàbá ò pe oníṣẹ́ kankan sí i. Lọ́lá ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, òun tó ń sọ pé kó dún bó ṣe ń dún láyé bàbá.

"Báwo lorin náà ṣe lọ?" ni Ọbayẹmí bi í, lẹ́yìn tí Lọ́lá ròyìn tán.

Lọ́lá jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan dùùrù, àmọ́ ìka ò gbàgbé bí orí. Ohùn náà jáde, ó há díẹ̀, ó jìnnà, bíi pé láti pálọ̀ Ìkìrun ló ti ń rìn bọ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá wa, Bàbá… Ìka rẹ̀ bọ́ sórí eyín tó yadi. Ó fẹ́ kọ ọ́, ó kàn tún eyín náà tẹ̀ ni.

"Jí!"

Láti ìdí fèrèsé ni. Màmá ti yíjú padà, ó ń wo Lọ́lá pẹ̀lú ìbínú. "Lọ́lá! Kí lo dákẹ́ sí? Ṣé èmi ni mo da ògì sí i ni?"

Lọ́lá ò mọ bóun ṣe délẹ̀. Orí rẹ̀ ló bá lórí itan màmá, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Èmi ni mo dà á." Màmá ń fọwọ́ pa á lórí jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà dúró. "Nọ́ọ̀sì," ló wí, "ẹ dìde, ilẹ̀ ti tutù jù."

Ọbayẹmí ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ń nu tọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí.

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà," ni Lọ́lá sọ fún un. "Ẹ pa ikán. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ògì yẹn."

Inú Diméjì ò dùn nígbà tí Lọ́lá pè é. "So we'll leave a spoilt key like that, on purpose?"

"Bọ̀dá mi, màmá pè mí lórúkọ."

"Ṣé ó béèrè mi?" ni Diméjì wá bi í, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

"Rárá. Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ wá bá wa kọrin."

Ó wá, agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù bó ṣe máa ń dúró ní kékeré. Lọ́lá bẹ̀rẹ̀ orin. Ó dé ibi eyín tó yadi, ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni ń wá ọmọ kan nínú ilé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín sí Lọ́lá tìfẹ́tìfẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́," ló wí. "Lọ́lá ti padà sílé ìwé."

Lọ́lá la ẹnu, ó sì kọ ọ́.