Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Hikmat

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilemona, ẹnikẹ́ni ò sì bá àṣìṣe lọ́wọ́ mi rí. Ẹni tó bá ní èmi Àkàndé ò mọ ọjọ́ kà, kó lọ bi àwọn tí mo fi ìtìjú dá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Jàmíù, kú ní Ọ̀fà níbí lọ́jọ́ Àìkú, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni mo mú bírò lórí ọ̀rọ̀ Hikmat. Hikmat ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Nọ́ọ̀sì ni ní Leeds, ó sì fẹ́ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lóṣù yìí gan-an láti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí iṣẹ́ kan tó ń dúró dè é. Òfin wọn ni pé láàárín ọdún kan tó ṣáájú fọ́ọ̀mù náà, èèyàn ò gbọdọ̀ lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ lóde ilẹ̀ wọn. Àìsàn bàbá rẹ̀ sì ti gbé e wálé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún náà, ìgbà kẹta ló bá ikú pàdé yìí.

Mo kà á. Tó bá dúró ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ lọ́jọ́ Àìkú, tó wọ bàlúù lọ́jọ́ Ajé, tó balẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lo máa lọ," mo sọ fún un. "Òkú ò ní bínú. Fọ́ọ̀mù ló ń bínú."

Àmínát, ìyá rẹ̀, fi etí ìborùn nu omijé. Ó dùn mí, àmọ́ ìṣirò ò mọ ẹkún.

Hikmat kúnlẹ̀, ó na fóònù sí mi. "Dádì Ilemona, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú ara yín ka òfin náà. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ká má gba àgbọ́sọ."

Mo fi jígí sójú. Ohun tí mo kà bí mi nínú: ọjọ́ téèyàn kúrò nílẹ̀ wọn àti ọjọ́ tó padà wọlé, wọn kì í kà wọ́n mọ́ ọn. Ọjọ́ tó lò lóde lódindi nìkan ni wọ́n ń kà. Èmi sì ti ka ọjọ́ tó kúrò, mo ka ọjọ́ tó dé, bí a ṣe ń kà á nílé wa, nínú ìrìnàjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tá a bá fi tiwọn ka ti Dádì mi, a ò ní ka ọjọ́ tí wọ́n kú, ọjọ́ Ajé la ó ṣe fídáù."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo yọ ọjọ́ mẹ́fà kúrò, ó ku márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Ojú tì mí gan-an.

"Mo ṣì í, Hikmat," mo ní. "Dúró."

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn áfáà ka Kùránì tán, lèmọ́mù ní kí àwọn ọmọ olóògbé dìde wá gba àdúà. Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde. Ká ní ìṣirò mi la tẹ̀lé ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí dìde.