Mọ́kànlélógójì Tó Léfòó

"Gbogbo wọn ló léfòó."

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ bẹ́ẹ̀, aránṣọ gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Àwo kan wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, omi kún un dé ìdajì. Irúgbìn mọ́kànlélógójì ń rìn lórí omi náà bí ẹni pé wọ́n bá ìsàlẹ̀ àwo jà.

"Ẹ fún wọn lọ́jọ́ kan sí i, Olódòdó."

Olódòdó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọgbà tó ti ń ta igi òdòdó àti irúgbìn. Ó ti tó ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ. Ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Òfin kan wà tó máa ń kà fún oníbàárà bí ẹni ń ka àdúrà: da irúgbìn sómi mọ́jú; èyí tó bá rì, gbìn ín; èyí tó bá léfòó, òfìfo ni, dà á nù. Òfin náà kò já a kulẹ̀ rí.

"Wọ́n ti lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀," ó dáhùn. "Irúgbìn tí nǹkan wà nínú rẹ̀ kì í ṣeré lórí omi."

"Bóyá eèpo rẹ̀ ló gbé e. Ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó fúyẹ́ bíi fóòmù. Bí ẹ bá bó o ńkọ́?"

"Aránṣọ, abẹ́rẹ́ ni tìrẹ. Ta ló ń bó irúgbìn bí ẹni ń bó ẹ̀pà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti aránṣọ tètè tán.

Irúgbìn náà kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Ti òdòdó fèrè ni, igi tí òdòdó rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé, tó máa ń dorí kodò bíi fèrè tí wọ́n fi kọ́, tó sì máa ń ta sánsán bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé wọn, àwọ̀ ìyeyè ló ní. Òmíràn wà lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé tí ọmọ wọn obìnrin ti ń ṣe tíṣà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyẹn. Kí àìsàn tó dá aránṣọ dùbúlẹ̀ pátápátá, ó ní kí ọmọ náà bá òun gbọn ẹ̀tù inú òdòdó ilé ìwé, lẹ́búlẹ́bú tó ń mú igi so èso, sínú ìdérí ìgò oògùn. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sẹ́nu òdòdó tiwọn, ó sì so òwú pupa mọ́ ọn kó má baà ṣì í mú. Oṣù márùn-ún ni èso náà fi gbó lórí igi, ojoojúmọ́ ló sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Èyí ni mo fọwọ́ ara mi rán," ó máa ń wí. "Ẹ máa wò ó, àwọ̀ inú ìbẹ́pẹ ló máa mú jáde."

Dókítà ti sọ fún aránṣọ nígbà náà pé ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí òdòdó kankan. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó rí i tó hù.

Olódòdó gbé àwo náà jáde. Ó da omi àti irúgbìn sórí òkìtì ilẹ̀dú lẹ́yìn ilé, níbi tí ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran ti ń mooru. Ó ṣan àwo, ó sì fọ ọwọ́ dáadáa, torí pé májèlé wà lára igi náà láti orí dé gbòǹgbò. Nígbà tó wọlé padà, ìyàwó rẹ̀ ti kọjú sí ògiri.

"Ẹ má bínú," obìnrin náà wí. "Mo fi àkókò yín ṣòfò."

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ó kú.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti da irúgbìn nù, ọmọ wọn wá láti bá bàbá rẹ̀ palẹ̀ ẹrù òkú mọ́. Ó wà nínú yàrá tó ń ká aṣọ. Olódòdó kò lè wo ohun tí ọmọ náà ń ká, ló bá mú ṣọ́bìrì, ó lọ síbi òkìtì ilẹ̀dú bí ẹni tó níṣẹ́ ṣe.

Èpò ló kọ́kọ́ rò pé ó rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á tu. Ìka rẹ̀ ti kan èyí tó kéré jù nínú wọn kó tó rí i pé nǹkan kan dé e lórí bíi fìlà ọmọ tuntun. Ó fi èékánná yọ ọ́. Ó rọ̀, ó fúyẹ́. Bíi fóòmù.

Ó kà wọ́n. Mẹ́sàn-án ni.

"Bàbá, kí lẹ jókòó sórí ìdọ̀tí fún?" Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Wá bá mi ka ewé orí èyí tó ga jù yìí."

Tíṣà náà wá, ó bẹ̀rẹ̀. "Yàtọ̀ sí méjì ìsàlẹ̀ yìí? Mẹ́rin."

"Nínú ooru tó wà níbí, ewé kan, ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ó tó ìgbà wo tí ìyá rẹ ti lọ?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méj…"

"Ó ti hù nígbà tí ìyá rẹ ṣì wà láàyè," Olódòdó wí. "Ó wà níbí, ó ń yọjú. Ǹ bá kàn gbé e sínú agolo, kí n gbé e wọlé. Ogún ìṣísẹ̀ ni láti ibí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá."

"Òun mọ̀. Ó ní kí n bó o. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ọmọ rẹ̀ kò sọ fún un pé ó tó. Ó jókòó tì í sórí ilẹ̀dú tòun ti aṣọ rẹ̀ tó mọ́.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Olódòdó ní kó lọ mú síbí wá. Ewé ló fi ń dì wọ́n mú, kì í ṣe ọrùn, torí ewé tó ya lè tún hù, ọrùn tó ṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi síbí hú pẹ̀lú ilẹ̀ tó dì mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, tó sì tẹ́ sínú agolo.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa yọ òdòdó?" ọmọ náà béèrè.

"Ó lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kan ṣoṣo ló máa kọ́kọ́ jẹ́, tó máa ga títí. Ọjọ́ tí igi náà bá yà sí ẹ̀ka méjì ni òdòdó tó máa bẹ̀rẹ̀."

"Àwọ̀ wo ni yóò jẹ́?"

"Èmi ò mọ̀." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. "Bí mo bá tiẹ̀ sọ pé mo mọ̀, má gbà mí gbọ́."

Ọmọ náà wọlé lọ, ó sì mú ìwé ìwọ̀n ìyá rẹ̀ wá, èyí tí aránṣọ máa ń kọ ejìká, àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà sí. "Mo rí i lábẹ́ ìrọ̀rí," ó wí. Ó ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n kọ nǹkan sí kẹ́yìn. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ti ń gbọ̀n:

*Irúgbìn 41. Gbogbo rẹ̀ léfòó. Olódòdó ní òfìfo ni. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.*

Olódòdó kà á, ó tún un kà. Ó gba bírò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sórí ìlà ìkẹyìn kó lè pa á rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nínú ìwé yìí, aránṣọ kì í pa nǹkan rẹ́. Bí oníbàárà bá sanra tàbí tó bá rù, ìwọ̀n tuntun ló máa ń kọ sábẹ́ ti àtijọ́, á sì ní ara tó ti wà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe irọ́.

"Bá mi mú téèpù rẹ̀ wá," ó wí.

Ó to agolo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sábẹ́ fèrèsé. Ó kúnlẹ̀, ó na téèpù náà bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ tó ń nà án, ìka kan nílẹ̀, ìka kan lókè. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ, díẹ̀díẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ̀wé:

*9 hù. Kì í ṣe òfìfo. Àkọ́bí, íǹṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Àbíkẹ́yìn, ìdajì íǹṣì.*

Ó kọ "Àwọ̀" sí ìlà tó tẹ̀lé e. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, ó sì dìde lọ bu omi.