Nítorí Delphine Ni

Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ní ti Honoré, ó sọ ọ́ di òpùrọ́, nínú ilé Ọlọ́run pàápàá.

Olùkọ́ ni Honoré ní Ifangni, ní ọdún kejì tí Dáhòmè gba òmìnira. Mẹ̀tíri ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun náà ni ògbifọ̀ ìjọ, nítorí Fadá tó ń ti Àjàṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Bí Fadá bá sọ̀rọ̀ ní Faransé, Honoré a túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá sì ti ẹnu Honoré jáde ni ìjọ ń ṣe Àmín sí.

Nínú ìjọ náà, ọkùnrin lọ́tùn-ún, obìnrin lósì, ọ̀nà tóóró láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Apá òsì yẹn ni Delphine, ọmọ Ìyá Rosalie aránṣọ, máa ń jókòó sí. Bí Delphine bá rẹ́rìn-ín báyìí, Honoré a gbàgbé ibi tí Fadá bá ọ̀rọ̀ dé. Ọdún kan gbáko ló ti ń fẹ́ ẹ lọ́kàn, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ ọ́. Ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò pọ̀: kí èjìká ọmọbìnrin náà sáà kan tirẹ̀, fún ìwọ̀n Mísà kan péré.

Lọ́jọ́ kan, Fadá ní àga ìjọ ti jẹrà, kí olúkúlùkù mú ohun tó bá ní wá, kí wọ́n fi kan tuntun. Honoré túmọ̀ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò dúró.

"Fadá tún ní," ló wí, "ayé ti yí padà. A ti gba òmìnira. Àwọn tí Ọlọ́run so pọ̀, kí ló dé tí a fi ń tú wọn ká lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀? Kí àga tuntun gùn láti ògiri dé ògiri! Kí ọkọ jókòó ti aya, kí ọmọkùnrin jókòó ti ọmọbìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ràn ará ilé rẹ̀, kí ó la ọwọ́!"

Bàbá Àkànní, àgbẹ̀ elépo, ló kọ́kọ́ dìde.

"Mẹ̀tíri, bá mi bi Fadá. Bí mo bá ń tòògbé, ṣé ìyàwó mi láṣẹ láti fi ìgbúnwọ́ gún mi?"

"Màá gún ẹ títí wọ́n á fi ṣe Àmín!" Láti apá òsì ni ìyàwó rẹ̀ ti dáhùn.

Ẹ̀rín sọ. Inú ẹ̀rín yẹn ni ọwọ́ ti là. Bàbá Àkànní yọ̀ǹda ìrókò oko rẹ̀ fún pákó àga. Àwọn ará abúlé Lagbé gbé garawa epo wá, wọ́n ru àgbàdo wá. Fadá di Honoré lọ́wọ́ mú, ó ní òun kò rí irú ìjọ yìí rí. Honoré ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wà lára Delphine.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Philomène wá bá Honoré nílé. Opó ni, arúgbó tí kò ní ju ahéré kan àti adìyẹ mẹ́ta lọ. Ó tú ẹrù ọwọ́ rẹ̀: aṣọ òfì méjì tó ń rùn káfúrà. Aṣọ tó ti fi pamọ́ pé kí wọ́n fi sin òun ni.

"Ìyá, ẹ gbé e padà. Ẹ ò kúkú ní ọkọ tí ẹ ó jókòó tì."

"Ìdí tí mo fi gbé e wá gan-an nìyẹn, ọmọ mi. Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti ọkọ mi jọ lọ sí Mísà, n kò jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tí ikọ́ gbé e nínú Mísà, tí orí rẹ̀ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń wò ó láti òsì, n kò lè dìde. Ọkùnrin ẹlòmíì ló dì í mú." Ó nu ojú. "Àṣé Ọlọ́run rí mi! Òun ló rán Fadá. Kí wọ́n fi ẹní sin mí."

Ó lọ. Aṣọ wà lórí tábìlì, ó ń wo Honoré. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá pàdé Delphine lọ́nà ọjà Igolo, tí ọmọ náà kí i, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ọlọ́run kọ́ ló rán Fadá. Fadá pàápàá kò sọ nǹkan kan. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn òun ló rán òun, arúgbó sì ti fi aṣọ ikú rẹ̀ ṣe Àmín sí i.

Nígbà tí Fadá padà wá, Honoré kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé aṣọ náà dání, ó dúró níwájú ìjọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, Fadá kò sọ ohun tí mo ní ó sọ. Àga nìkan ló ní kí a kàn. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ jíjókòó pọ̀ kún un. Nítorí Delphine ni. Mo fẹ́ jókòó tì í. Mo fi ẹnu Fadá tàn yín jẹ, mo sì gba aṣọ ìsìnkú ìyá yìí."

"Yéè, mo gbé!" Ìyá Rosalie káwọ́ lérí. Delphine fi ìborùn bojú.

Fadá kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó bi í ní Faransé: "Honoré, kí lo sọ fún wọn?"

Ògbifọ̀ mìíràn kò sí. Honoré dúró, ó túmọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ fún Fadá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Ojú Fadá pọ́n bí ata. Ó na ìka sí ìjọ.

"Bi wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́. Má fi tìrẹ kún un."

"Fadá ní kí n bi yín. Kí lẹ fẹ́?"

"Ìrókò mi ti wó lulẹ̀ o!" Bàbá Àkànní ló ké. "Ṣé kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kùkùté ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Philomène dìde. Ó gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ Honoré láìwo ojú rẹ̀, ó gbé e sí ẹsẹ̀ pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ó kọjá ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì lọ jókòó lápá ọ̀tún, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Àwọn ọkùnrin sún fún un. Ìyàwó Bàbá Àkànní tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ obìnrin.

Delphine kò kúrò níbi tó wà.

Lẹ́yìn Mísà, Honoré bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Delphine, jọ̀ọ́..."

"Mẹ̀tíri, àga wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pín in sọ́tùn-ún sósì. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kọjá níbẹ̀. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin nìyẹn?"

Ó bá ìyá rẹ̀ lọ. Kò ní kí Honoré má wá. Kò sì ní kí ó wá.