Fọ́ọ̀kì Kò Sọ̀rọ̀

Nígbà tí Kásímù wọ pálọ̀ ìyá rẹ̀, ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ bíẹ́mẹ́sì rẹ̀, irú kékeré tí àwọn ọmọ fi ń fò, ló sì ń ṣe ìpàdé náà. Kò yà á lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ náà ti tú ara rẹ̀ palẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti rí àga jókòó sí. Àwọn táyà wà lórí àga gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbé jáde fún àlejò. Ṣéènì ká ara rẹ̀ sórí tìmùtìmù bí ológbò. Fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó máa ń di táyà iwájú mú, dá dúró lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀dà búlúù tí Kásímù fọ́n sí i lánàá sì ń dán lára rẹ̀.

Bọ̀dá Sálíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ló jókòó sí ipò olórí ẹbí. Ibà ló pa á lọ́dún tó kọjá. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó mú sípánà lọ́wọ́, etí rẹ̀ sì fi díẹ̀ tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi," Kásímù wí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Wọ́n ní o fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fò láti orí àtẹ̀gùn sinimá àtijọ́ lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀ wá wò mí."

"Wọ́n á bá ẹ ṣa eyín nílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó yìí máa dá sí méjì lábẹ́ ẹ. Wádìí èyí tó jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́."

Pálọ̀ náà ti gùn sí i. Àtẹ̀gùn sinimá bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ojú kò tó.

Pẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń gbá mi mọ́ kọnkéré. Mo ti wọ́, àmọ́ mo ṣì wà."

"Èmi ti pá lára," ni táyà ẹ̀yìn wí. "Ẹ wò mí, gbogbo ara mi ń dán bí orí àgbàlagbà."

"Gbọ́ tìẹ!" Ṣéènì nà tán lórí tìmùtìmù. "Ìwọ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà níkùn ẹ, ìwọ náà ń ròyìn ìyà!"

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ohun tójú mi ń rí. Àgbà wà níjókòó."

Kásímù ń da ọ̀rọ̀ wọn rò bí ẹni ń já àlọ́. Ó kọ́kọ́ fura sí pẹ́dà, nítorí òun ló ń jẹ ìyà jù. Ó fojú sí ṣéènì lára, ó tún mú ojú kúrò. Ẹni tó bá ṣì lè ké báyìí, ó rò ó, agbára kù lára rẹ̀.

Bọ̀dá Sálíù dìde, ó ń fi sípánà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Irin tó bá pé máa ń dún pẹ́ bí agogo; èyí tó bá ti sán kì í ju "pẹ̀" lọ. Gbogbo irin tó kàn dún dáadáa. Ó dé ọ̀dọ̀ fọ́ọ̀kì, ó kàn án. Kò dún rárá.

"Kí ló dé tí èyí ò sọ̀rọ̀, Bọ̀dá mi?"

"Èmi ni wàá bi ni?"

Kásímù sún mọ́ fọ́ọ̀kì. Kò ní ẹnu. Ọ̀dà búlúù ti bo ibi tó yẹ kí ẹnu wà. Àṣà àwọn ọmọ tó ń gun bíẹ́mẹ́sì ládùúgbò wọn ni pé ẹni tó bá máa fò gbọ́dọ̀ kun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tun, kí ó lè dán lójú èrò. Kí ó tó fọ́n ọ̀dà náà, ó ti rí ìlà kan níbi tí ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì ti pàdé, tínrín bí irun orí. Ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó sì fọ́n ọ̀dà lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Orí àtẹ̀gùn ni òun àti fọ́ọ̀kì wà báyìí. Èrò kún ìsàlẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan tó ní ẹnu nínú wọn. Búlúù ni ìdajì ojú wọn.

Ó fi èékánná ha ọ̀dà ara fọ́ọ̀kì. Ó ń bó bí èèpo ẹyin sísè. Bọ̀dá Sálíù ti ń fẹ́lẹ́, Kásímù ń rí fèrèsé gba inú àyà rẹ̀ kọjá.

"Yára, àbúrò mi."

Ìlà náà yọ. Ó là díẹ̀díẹ̀ bí ètè ọmọ tó fẹ́ sunkún. Fọ́ọ̀kì mí sínú.

"Kásímù," ó wí, pẹ̀lú ohùn Bọ̀dá Sálíù.

Kásímù ta jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Kẹ̀kẹ́ náà fara ti ògiri yàrá, odindi, kò sí ibi kankan tó tú lára rẹ̀. Ọ̀dà búlúù wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò Kásímù.

"Kásímù! Àwọn èèyàn ti ń pé o!" àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo níta.

"Ẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn," ó dáhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ fọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú ìlà tínrín náà wọlé, ó ń jáde.