Èbù Méjì Tó Kù

Ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ọ̀kan sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Ilésanmí ṣe ń pín èbù iṣu lábẹ́ igi ọsàn nínú oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ìpotì, sí òkìtì mẹ́ta: tirẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ àti ti ìyá wọn. Gbogbo ẹbí ló ń yìn ín pé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá bá a kọ ebè rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi ń lo ìdajì ọjọ́ lórí èbù pípín.

Lydia, ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì girama, ló ru èbù náà wá láti ọgbà iṣu. Ó ti kà wọ́n bó ṣe ń rù wọ́n.

"Bàbá, márùndínláàádọ́ta ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Méjì á kù."

Ilésanmí dún hùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́tà Tíṣà Ọlátúnjí wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń gún un nítan. Tíṣà fẹ́ kí Lydia máa bá àwọn ti kíláàsì kẹrin kọ́ ìṣirò, kí ó lè bá wọn lọ díje ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn, ni yóò wá gba èsì. Láàárọ̀, Ilésanmí ti sọ fún Rebecca ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí i, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Rebecca ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣu tó ti ta nínú ọgbà, ilẹ̀ ló ń wá. Ó sọ ọ́ tán, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Nígbà tí èbù tán nílẹ̀, méjì ló kù lọ́wọ́ Ilésanmí, gẹ́gẹ́ bí Lydia ṣe sọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

"Jókòó," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ó wá sọ ọ́. Ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ pé débi pé wọ́n fò ó lọ sí ìkẹrin. Ìyá rẹ̀ jó yíká ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìkẹta tí ó fò yẹn gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò pípín. Ojú tì í láti béèrè, ẹgba ló sì ń jẹ lójoojúmọ́ títí ó fi gba oko lọ. Àwọn èèyàn rò pé owó ni kò sí.

"N kò mọ iṣu pín," ó ní. "Ìyẹn ni mo fi ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò fẹ́ kí wọ́n fò ọ́ kọjá ohun tí wàá máa wá kiri títí ayé."

Lydia ń fi igi ha ilẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé ìṣirò pípín wá bá yín, ẹ máa ń rántí iṣẹ́ tó kù lóko." Kò gbójú sókè. "Mo wá ń ka ìwé ṣáájú tíṣà, kí n má bàa ní ohun tí n ó bi yín mọ́. Kò sí ojú ìwé tí mo fò."

Ilésanmí yọ lẹ́tà náà láti inú àpò. Ó ti rò pé orí pípé nìkan ló ń lé ọmọ náà síwájú. Àṣé ọdún márùn-ún ni Lydia fi ń sáré, kí ojú má bàa ti bàbá rẹ̀.

Ó yọ bírò tí Lydia fi há irun, ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà lórí itan. Nínú ẹbí wọn, èbù tó bá ṣẹ́ kù, ti ọmọ tó rù wọ́n ni. Ó kó méjèèjì lé e lọ́wọ́, ó sì sún mọ́ ibi tí ọmọ náà ti ń ha ilẹ̀.

"Ó yá, fi bó o ṣe pín in hàn mí," ó ní. "Rọra ṣe é. Oko náà la wà yìí, n kò tún ní ibi tí n ó sá lọ."

Lydia fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.