Èwo Ló Tẹ̀lé 168?

"Èwo ló tẹ̀lé 168?" Adékúnlé bi ọmọ rẹ̀ léèrè, bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtùnú, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tẹjú mọ́ bébà. Ó fẹ́ lọ díje nínú ìṣirò, baba rẹ̀ sì ti fọ́nnu káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ni yóò gbégbá orókè ní ọdún 1996 yìí. Nọ́ńbà tí gbogbo ẹyọ inú rẹ̀ lè pín in láìṣẹ́kù ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan pín 168, ẹẹ́fà pín in, ẹẹ́jọ pín in.

"170," ni Ìtùnú wí.

Bẹ́líìtì ti ba apá rẹ̀ kó tó panu dé. "Kí ni òdo lè pín? Olódo lásánlàsàn!"

Olúfọlákẹ́, ìyá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́, ó ti tó. Adékúnlé tì í dànù, orí rẹ̀ gbá fíríìjì.

Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti tọ́ tọkọtaya náà dàgbà, ẹni tó ń na ọmọ mọ̀ pé ará ilé kan ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Á ní ọpẹ́lọpẹ́ onítọ̀hún, á sì fi iyì sọ pàṣán sílẹ̀. Adékúnlé ń pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má bẹ òun, ṣùgbọ́n Adelphi ní Amẹ́ríkà nibí, kò sẹ́ni tó wọlé. Ó wá ń nà án lọ. Irin bẹ́líìtì ya ọmọ náà létí, ẹ̀jẹ̀ ta sórí bébà. Olúfọlákẹ́ fò dìde, ó fi eyín so mọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ gbá a lẹ́nu, obìnrin náà kò tú u sílẹ̀.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Adékúnlé mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn bí ẹni tí a wá bẹ̀, ó ti fẹ́ sọ pé nítorí tiwọn lòun ṣe máa fi í sílẹ̀.

Ọlọ́pàá méjì ni. Anna, aládùúgbò wọn tó tẹ àwọn ọlọ́pàá láago, dúró lẹ́yìn wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà béèrè ohun tó ṣe ọmọ náà létí. Adékúnlé fi Yorùbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ìyá Ìtùnú, sọ fún wọn pé ó ṣubú ni. Tí wọ́n bá mú mi lọ, ìwé tí a fi ń gbé ìlú yìí bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìwọ náà."

Olúfọlákẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lè wà níbẹ̀. Kó tó fèsì, Ìtùnú ti ń fi èdè òyìnbó sọ pé orí àga lòun ti já bọ́. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó já geere bí ẹni tó ti fi irọ́ náà dánra wò tipẹ́.

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra.

"Dákẹ́, ọmọ mi," ó wí. "Má parọ́ nítorí mi."

Ó rọra ká apá aṣọ ọmọ náà sókè dé èjìká, níbi tí àpá àtijọ́ àti tòní ti gun ara wọn, ó sì yí i sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.